Ibo ni kí pọ́ǹpù ọmú àti ìgò ọmọ yìí máa gbé nínú ilé? Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Tuntun:
Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Káńtà kíṣìnì mi ti kún, ìgò ọmọ níbí, fúnẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù tí wọ́n ń fi bo ọmú lọ́hùn-ún, àwọn rọ́bà kéékèèké tó ń lọ sínú pọ́ǹpù yẹn ló tiẹ̀ ń dà mí láàmú jù, mi ò mọ èyí tí mo ti fọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán. Èmi àti ọkọ mi nìkan la wà níbí, kò sí màmá, kò sí àǹtí tó máa bá wa dì í mú, tí ọmọ bá sì ké lóru ọkọ mi á ní òun fẹ́ gbé e kí n lè sùn, kò ní pẹ́ ẹ ó gbọ́ tó ń béèrè pé orí ìgò dà, ìdérí ẹ̀ dà, omi ọmú wo ni kí òun mú. Báwo lẹ ṣe ń to tiyín o?

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ, o kú àìsùn. Jọ̀ọ́ má tíì lọ ra àpótí tàbí ráàkì kankan. Kì í ṣe àpótí ló máa tún un ṣe, ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ibi mẹ́rin péré ni: ibi tó o ti ń fún ọmú, ibi tó o ti ń fọ nǹkan, ibi tí omi ọmú ń gbé, ibi tí ìgò tó ti gbẹ ń gbé. Jẹ́ kí nǹkan kọ̀ọ̀kan máa gbé níbi tí wọ́n ti ń lò ó, má kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan torí pé ti ọmọ ni gbogbo ẹ̀. Tó o bá tò ó tán, ohun tí màá fi mọ̀ pé o tò ó dáadáa ni pé kí ẹlòmíì wọlé lóru kó rí ohun tó ń wá láìjí ẹ.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí àga tó o ti ń fún ọmú. Apẹ̀rẹ̀ kan tó ṣeé gbé ni kó o fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀rọ pọ́ǹpù fúnra ẹ̀ wà nínú ẹ̀, ṣájà ẹ̀, páìpù ẹ̀, aṣọ mímọ́ kan, àwọn páàdì tó ń fa omi ọmú, nílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tọ́jú omi ọmú sí, bírò tàbí máákà tí omi ò lè pa rẹ́, àti omi tí ìwọ fúnra ẹ máa mu torí òùngbẹ á gbẹ ẹ́. Fúnẹ́ẹ̀lì méjì tó mọ́ tó sì gbẹ nínú ike tó ní ìdérí náà, kó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn àti páìpù ò ní iṣẹ́ kankan ní kíṣìnì o. A kì í fọ páìpù lójoojúmọ́ bíi fúnẹ́ẹ̀lì, torí omi ọmú kì í dé ibẹ̀ tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ. Tó o bá rí ìrì lára inú ẹ̀, yọ fúnẹ́ẹ̀lì kúrò kó o jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí tó fi máa gbẹ. Tí omi ọmú bá wọ ibẹ̀, wo ìwé tó bá pọ́ǹpù ẹ wá kó o ṣe bí wọ́n bá ṣe wí. Tí nǹkan bá ti hù níbẹ̀, jù ú nù, ra òmíì.

Ọ̀rọ̀ àwọn rọ́bà kéékèèké yẹn wá nìyí. Èyí tó rí bí àgógó pẹ́pẹ́yẹ yẹn ló ń jẹ́ fáàfù, òun ló ń ṣí tó ń pa dé kí ẹ̀rọ lè fà. Gbé e sókè síbi tí iná wà kó o wo ẹnu ẹ̀. Ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn gbọn-in, tó o bá ń rí ìmọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé, ó ti lọ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù tó ń fà dáadáa lóṣù tó kọjá fi wá ń ṣe bí ẹni tí ò jẹun. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa rò pé omi ọmú àwọn ló ti ń dín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú, bẹ́ẹ̀ rọ́bà lásán ni. Má fi búrọ́ọ̀ṣì ki ẹnu ẹ̀ o, búrọ́ọ̀ṣì ló ń ya á, ìka ọwọ́ àti omi ọṣẹ ti tó o. Ra òmíì sílẹ̀ kó o fi sínú nílọ́ọ̀nù kékeré nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, torí ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kì í kéde.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun ma, ẹ ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ibi ìfọǹkan torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Iṣẹ́ àwọn ìkókó ni mo ń ṣe, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín ibẹ̀. Lọ́dún 2016, ní Amẹ́ríkà, ọmọ kan tí oṣù ẹ̀ ò pé kó àrùn kòkòrò kan tó ń jẹ́ Cronobacter, nígbà tí wọ́n sì wádìí ẹ̀ wọ́n rí kòkòrò yẹn lára pọ́ǹpù tí wọ́n ń lò nílé àti nínú síńkì kíṣìnì. Rírì ni wọ́n máa ń rì àwọn ohun èlò pọ́ǹpù sínú omi ọṣẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, láìfi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, gbé ìlànà jáde lórí bí a ṣe ń fọ pọ́ǹpù. Torí náà ẹ má fi fúnẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ nínú síńkì o, ẹ ní bésìnì kan tí ẹ kì í fọ nǹkan míì nínú ẹ̀ àfi nǹkan ọmọ, kó ní búrọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, ẹ má lo kànrìnkàn abọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tó ń ṣàn ṣan án, ẹ wá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un ṣan, ẹ tò ó sórí táwẹ̀lì mímọ́ tàbí pépà kó gbẹ fúnra ẹ̀. Ẹ má nu ún, aṣọ ìnuwọ́ kíṣìnì ò mọ́ tó bí ẹ ṣe rò. Bésìnì àti búrọ́ọ̀ṣì náà ń gba fífọ̀, ẹ má gbàgbé wọn.

Ní ti bíbọ̀ ọ́ kí kòkòrò lè kú, ìmọ̀ràn ibi tí ẹ bá ń gbé ni kí ẹ tẹ̀ lé torí wọn ò dọ́gba. CDC ní kí ẹ máa ṣe é ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tàbí èyí tí wọ́n bí láìpé oṣù, tàbí èyí tí ara ẹ̀ ò lágbára, kí omi hó lé e lórí fún ìṣẹ́jú 5. Àwọn NHS, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ní ìlú ọba, ní tiwọn ní kí ẹ máa bọ̀ ọ́ títí ọmọ á fi pé oṣù 12, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n sì fún yín. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi bọ̀ ọ́ náà dáa, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹ ti fọ̀ ọ́ ná, torí bíbọ̀ ò gba ipò fífọ̀.

Ìyá Olómi Púpọ̀:
Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ní a lè kó fúnẹ́ẹ̀lì tí a lò sínú nílọ́ọ̀nù ká gbé e sínú fíríìjì, ká tún lò ó lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láìfọ̀ ọ́, ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Fífọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ló dáa jù. Òtútù ń mú kí kòkòrò falẹ̀ ni, kò pa á. Tí ẹ bá wà níbi tí kò sí omi tí ẹ lè fi fọ̀ ọ́, ìyẹn yé mi, àmọ́ tí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tí oṣù ẹ̀ ò pé, tàbí tó ṣì kéré gan-an, ẹ má dán an wò. Ó sàn kí ẹ ní ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta gbogbo ohun tó ń kan omi ọmú, kí ẹ máa fọ gbogbo wọn pa pọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀dà púpọ̀ dáa ju àpótí olówó ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí fíríìjì. Àbúrò mi, fún omi ọmú ní ipò tiẹ̀, abọ́ pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn pátápátá ní ṣẹ́lífù, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ni ooru ń wọ ibẹ̀. Gbogbo ìgò tàbí nílọ́ọ̀nù ló gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ àti wákàtí tó o fún un, kó o kọ ọ́ kó o tó da omi ọmú sí i torí nílọ́ọ̀nù tó ti tutù kì í jẹ́ kí máákà mú. Èyí tó pẹ́ jù máa wà níwájú, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa lọ sẹ́yìn, ẹni tó bá ń mú á kàn mú tiwájú ni. Tó o bá fẹ́ da méjì pọ̀, jẹ́ kí èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tutù ná nínú fíríìjì kó o tó dà á mọ́ tàná, ọjọ́ èyí tó pẹ́ jù lo sì máa kọ.

Fún fírísà, má kún nílọ́ọ̀nù dẹ́nu, omi ọmú máa ń wú tó bá dì. 60 ml sí 120 ml nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó, torí èyí tó o bá ti yọ́ o ò gbọ́dọ̀ dá a padà sí fírísà, ó sì ń dunni kéèyàn da omi ọmú tó fi oorun fún nù. Tẹ́ ẹ sórí tíréè kó dì pẹrẹsẹ, tó bá ti dì kó o wá tò wọ́n lóòró sínú ike gígùn bí ìwé ṣe ń dúró nínú ṣẹ́lífù, ọjọ́ ara wọn kọjú síta, wàá kàn máa fi ìka ṣí wọn wò ni. Báyìí ni kò fi ní sí pé o ń wá nǹkan nínú yìnyín pẹ̀lú ọmọ léjìká.

Bàbá Àkọ́bí:
Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ìyá wa. Èmi ni mò ń jí lóru nílé wa, mo fẹ́ bá ọkọ àbúrò wa sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti palẹ̀ òru mọ́. Tíréè kan lórí káńtà, ìgò mélòó kan tí ọmọ máa ń mu lóru, orí ẹ̀ ti wà nínú òrùka ẹ̀, ìdérí ti wà lórí ẹ̀, kí ọwọ́ kàn gbé ìgò kan kó pé. Abọ́ tí ẹ máa bu omi gbígbóná sí láti fi mú omi ọmú lọ́wọ́ọ́wọ́ náà máa wà lórí tíréè yẹn, torí microwave ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ó máa ń gbóná lójú kan kó tutù lójú kejì, ó lè jó ọmọ lẹ́nu. Ẹ kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kí ẹ tó fún un. Tí ẹ bá rí ọ̀rá lókè, ẹ rọra yí ìgò po, kò bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni omi ọmú ṣe máa ń yà sọ́tọ̀. Mo lẹ pépà kan mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, ẹni tó bá fún ọmọ lóúnjẹ á kọ wákàtí àti iye tó mu, ìyá ọmọ á jí lówùúrọ̀ á kàn kà á. Èyí tí ọmọ bá mu kù, wákàtí 2 lẹ́yìn tó parí, ẹ dà á nù, kò sí ká máa dá a padà sí fíríìjì.

Ìyá Tuntun:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á san yín lóore, ọkọ mi ti ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọjọ́ mélòó ni omi ọmú lè lò nínú fíríìjì, torí ọ̀rẹ́ mi tó wà ní London ní 8, èyí tó wà ní Amẹ́ríkà ní 4? Àti pé ìgò wá ń gbé ibo, torí tiwa pọ̀ gan-an, oríṣiríṣi ni wọ́n fi ta wá lọ́rẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́. Ọjọ́ 4 ni CDC ń sọ. NHS ní ó lè tó ọjọ́ 8, àmọ́ kí fíríìjì yẹn wà ní 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ra thermometer kékeré tí wọ́n ń fi sínú fíríìjì kí ẹ mọ̀ dájú, nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnnì ẹ̀ kì í sọ òtútù tó wà nínú ẹ̀ gan-an. Níta, tí yàrá ò bá gbóná ju 25°C lọ, wákàtí 4. Nínú fírísà tó wà ní -18°C, oṣù 6 ló dáa jù. Èyí tí ẹ bá yọ́ nínú fíríìjì, láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tó ti yọ́ tán ni kí ẹ lò ó. Ọmọ tó wà ní ọsibítù ní ìlànà tiẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀. Tí òórùn ẹ̀ bá sì dà bí ọṣẹ nígbà tí ẹ yọ́ ọ, ẹ má tètè bẹ̀rù, nǹkan kan wà nínú omi ọmú tó ń tú ọ̀rá ká, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń mu ún bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kan tàbí tó ń rùn ni kí ẹ dà nù.

Ìyá Ìbejì:
Ní ti ìgò, yan oríṣi kan tí ọmọ gbà, kó èyí tó kù kúrò nílé ìdáná pátápátá. Òrùka oríṣi kan kì í bá òmíì mu, ìdí tí ọkọ ẹ fi ń wá ìdérí lóru nìyẹn. Orí ìgò náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣàn sí, nọ́ńbà wà lára ẹ̀, èyí tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ ẹ ń lò báyìí, kó èyí tó ń ṣàn púpọ̀ sínú nílọ́ọ̀nù kó o kọ ọ́ sára ẹ̀ kó o gbé e sókè, torí tí èèyàn bá ṣèèṣì lò ó fún ìkókó, ó lè há a lọ́fun.

Dúrọ́ọ̀ kan tó wà nítòsí ibi tí ẹ ti ń bu omi ọmú sí ìgò ni kí wọ́n máa gbé. Àmọ́ ohun tó tutù kò gbọ́dọ̀ wọ dúrọ́ọ̀ yẹn. Kó o tó kó wọn wọlé, fi ìka kan inú òrùka ìgò níbi tó ti ní ìlà yíyí yẹn, omi máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, ara ìgò á ti gbẹ kó tó gbẹ. Ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà lórí ìgò náà, tẹ̀ ẹ́ wò, tí omi bá ta jáde dá a padà sórí táwẹ̀lì tó ti ń gbẹ. Tí táwẹ̀lì yẹn bá kún jù ni kó o tẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, àpótí yẹn tí mo ní kó o má rà, o ṣì lè máà nílò ẹ̀.

Ìyá Tuntun:
Mo ti ń yọ àwọn ìgò tí ọmọ ò gbà báyìí ma. Ọkọ mi ń kọ pépà fíríìjì, ó ní kí n bi Bàbá Àkọ́bí bóyá ó ń kọ ti ìlédìí náà síbẹ̀.

Bàbá Àkọ́bí:
Mò ń kọ ọ́ o ọ̀gá mi, ní ọ̀wọ́ tiẹ̀ lápá ọ̀tún, iye tó mu lápá òsì. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ wá wò nílé máa ń béèrè fún méjèèjì.