Ìsopọ̀ SYN-RECV (ìsopọ̀ aláìparí) ti bo sáfà wẹ́ẹ̀bù: kí ló kù ká ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn lórí sáfà Linux kan tó ń lo Nginx (ètò tó ń gbé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde). Ojú ìwé kì í tètè ṣí mọ́, bẹ́ẹ̀ CPU ò ṣe wàhálà rárá. Téèyàn bá tẹ `ss -n state syn-recv`, àṣẹ tó ń to irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ńṣe ni ìlà ń rọ́ lu ìlà: pọ́ọ̀tù 443 (ti HTTPS) ni gbogbo wọn kọjú sí, agbára káká ni àdírẹ́sì IP kan fi ń hàn lẹ́ẹ̀mejì. SYN (ìbéèrè láti sopọ̀) nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ACK (ìdáhùn tó ń parí ìsopọ̀) tó yẹ kó tẹ̀lé e kì í dé. Ìdí nìyẹn tí access log (àkọsílẹ̀ ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ Nginx) ò fi rí ìkankan nínú wọn.

tcp_syncookies, ààbò Linux lòdì sí irú ìkọlù SYN yìí, ti wà ní 1 (ó ń ṣiṣẹ́). Mo dín tcp_synack_retries (iye ìgbà tí sáfà ń tún ìdáhùn sí SYN fi ránṣẹ́) kù láti 5 sí 2: ìsopọ̀ aláìparí tó ń gbàyè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ti di bí ìṣẹ́jú àáyá 7. Mo gbé tcp_max_syn_backlog àti somaxconn (òdiwọ̀n ìlà tí ìsopọ̀ ti ń dúró) sí 4096, mo sì kọ backlog=4096 sí ìlà listen nínú ètò Nginx, torí 511 ni Nginx máa ń mú lórí Linux. Béèyàn bá gbàgbé ìyẹn, asán ni méjì yòókù.

Mi ò fẹ́ máa dínà IP lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé ayédèrú ni wọ́n, a sì lè ti ẹni ẹlẹ́ni mọ́ta. Ṣé kí n lo SYNPROXY (irinṣẹ́ fáyáwọ́ọ̀lù Linux tó ń dúró kí ìsopọ̀ parí kó tó jẹ́ kó kan sáfà), àbí kí n kúkú gbé sáfà náà sẹ́yìn CDN (àwọn sáfà tó ń gba èrò sílẹ̀ níwájú tìwa)? Kí ni mo máa wò láti mọ̀ bóyá okùn íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ló ti kún?