Kí ló dé tí fíìmù VO2 kò dí infrared tó bó ṣe yẹ?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fíìmù vanadium dioxide (VO2) ni, èròjà tó máa ń jẹ́ kí infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí) kọjá bó bá tutù, tó sì máa ń yí padà ní nǹkan bíi 68°C, tí á wá máa dí i. Ó nípọn tó 80 nm (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), orí gíláàsì fèrèsé ni mo ṣe é sí. Mo fi sputtering (ọ̀nà tí à ń gbà fi gáàsì oníná gbá èròjà jáde lára irin kó lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì) tẹ́ vanadium, mo wá yan án nínú ọ́síjìn ní 450°C. Ní 25°C, 58% ìmọ́lẹ̀ infrared 2,000 nm ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 85°C, 47% ṣì ń kọjá. Ohun tí mo retí ni pé kó má tó 20% mọ́. Ó rí rúsúrúsú lójú. Bó bá ń gbóná, 76°C ló ń yí. Bó bá ń tutù, 55°C. Níbo ni àṣìṣe wà?

Èsì 1
Ó jọ pé ọ́síjìn ló pọ̀ jù. Apá kan ti di V2O5 (oxide vanadium tí ọ́síjìn rẹ̀ pọ̀ ju ti VO2 lọ), ìyẹn kì í sì í yí ní 68°C bíi VO2. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú nìkan dá a, torí VO2 tó dára náà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fi Raman (àyẹ̀wò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà dá èròjà mọ̀) wò ó: góńgó 194, 224 àti 612 cm⁻¹ jẹ́ ti VO2, 144 àti 995 jẹ́ ti V2O5. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 250 mTorr ọ́síjìn (mTorr ni a fi ń wọn agbára gáàsì), kí ẹ máa dín in kù títí 995 á fi pòórá. Ẹ má dín in jù o: fíìmù á dúdú, infrared ò sì ní ráyè kọjá dáadáa kódà nígbà tó bá tutù.

Èsì 2
Gíláàsì fèrèsé yẹn náà ò dáa. Ní 450°C, sodium inú rẹ̀ máa ń wọ inú fíìmù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ silica (èròjà iyanrìn) 50 nm sábẹ́ kó lè dí sodium náà, tàbí kí ẹ lo quartz tàbí sapphire.

Ti 76 àti 55 ńkọ́: ibo ni thermocouple (wáyà tí a fi ń wọn ooru) wà? Bó bá jẹ́ ara hítà, hítà á ti gbóná kí fíìmù tó gbóná. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fíìmù, kí ẹ máa gbé ooru lọ ní 1°C ní ìṣẹ́jú kan. Bí àlàfo 21°C yẹn bá dín kù, ooru tó ń pẹ́ dé ló fà á. Bí kò bá dín, ẹ yẹ horo fíìmù (àwọn kírísítà kéékèèké inú rẹ̀) wò: horo tó kéré jù kì í sábà ní àbùkù tí ìyípadà lè ti bẹ̀rẹ̀.

Èsì 3
Ẹni tó bá fẹ́ dá ihò lu fàdákà àti VO2 pa pọ̀ (ihò 250 nm, 750 nm láàárín wọn) kó mọ̀ pé òdìkejì lè ṣẹlẹ̀: nínú infrared tó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ojú, ó lè jẹ́ ìgbà tó gbóná ni ìmọ́lẹ̀ tó lọ tààrà máa pọ̀ sí i. Bí VO2 bá tutù, ó yàtọ̀ gan-an sí afẹ́fẹ́ inú ihò, ìmọ́lẹ̀ á sì fọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́; bó bá gbóná, ìyàtọ̀ náà á dín kù. Ẹ fi integrating sphere (bọ́ọ̀lù oníhò tó ń kó ìmọ́lẹ̀ láti gbogbo ìhà jọ) gba ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká kí ẹ tó pè é ní àṣìṣe.