Ìnagijẹ àjọjẹ́ ni, kì í ṣe orúkọ ẹ̀dà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín o.

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bá wa lọ, ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Àǹtí wa kan tó ń túmọ̀ fíìmù sí Yorùbá béèrè ohun tí a ó máa pe orúkọ tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń jẹ́ ní ìnagijẹ, tó sì jẹ́ pé ẹ ó tún bá orúkọ náà lára ẹ̀dá ìtàn mìíràn nínú fíìmù tàbí eré tẹlifíṣọ̀n tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Ọ̀gá wa kan tó jẹ́ olùkọ́ dá a lóhùn pé "orúkọ ẹ̀dà" ló yẹ, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ló ni ín, àdàkọ ni ti àwọn tó kù. Àbúrò wa kan ní kò sí ohun tí a fẹ́ dá sílẹ̀ níbẹ̀, kí á máa pè é ní ìnagijẹ lásán. Mi ò fara mọ́ ohun tí ọ̀gá wa sọ, ti àbúrò wa kò sì tó.

Red ni àǹtí wa fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wò ó. Nínú The Shawshank Redemption tó jáde ní 1994, Red ni Ellis Boyd Redding, ẹlẹ́wọ̀n tí Morgan Freeman ṣe. Nínú That '70s Show, tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2006, Red ni Reginald Forman, bàbá tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, Kurtwood Smith ló ṣe é. Ní 2013, méjì jáde lọ́dún kan náà: Galina Reznikov tí Kate Mulgrew ṣe nínú Orange Is the New Black, obìnrin ará Rọ́ṣíà tó ń darí ilé ìdáná ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti Raymond Reddington tí James Spader ṣe nínú The Blacklist, ọ̀daràn tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn FBI, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Mo wá ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti da èkejì kọ, n kò rí i. Orúkọ ìdílé ni Reddington gé kúrú, bí a ṣe ń gé Olúkáyọ̀dé sí Káyọ̀. Irun orí Reznikov pupa, ìró orúkọ ìdílé rẹ̀ sì tún sún mọ́ ọn. Ti Redding ló ní ìtàn jù. Nínú ìwé Stephen King tí wọ́n gbé fíìmù náà kà, èyí tó jáde ní 1982, ọkùnrin yìí jẹ́ ọmọ Ireland tí irun rẹ̀ pupa. Nígbà tí wọ́n gbé e fún Morgan Freeman, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọn kò yí orúkọ náà padà. Andy, ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú fíìmù náà, bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní Red, ó ní bóyá torí pé ará Ireland lòun. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ irun pupa mọ́ àwọn ọmọ Ireland, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Bí a bá wá sọ pé kí á túmọ̀ Red sí Pupa, wàhálà dé. Tí Yorùbá bá ní ènìyàn pupa, àwọ̀ ara ló ń sọ. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "Pupa" tí ọkàn rẹ̀ máa lọ sórí irun. Apọ́nbéporẹ́ ni yóò wá sí i lọ́kàn, ojú rẹ̀ yóò sì máa wá ẹni tó mọ́ lára nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé Morgan Freeman ló dúró síwájú rẹ̀. Fún Reznikov, "Onírunpupa" lè gbà. Fún Reddington, kò sí ohun pupa kankan níbẹ̀ rárá, ìgékúrú orúkọ lásán ni. Ìnagijẹ kan ṣoṣo, ìdí tó bí i yàtọ̀ síra.

Ohun tó mú mi ta ko "ẹ̀dà" gan-an nìyí. Ẹ̀dà ń sọ pé ọ̀kan ni ojúlówó, èkejì fara wé e. Bẹ́ẹ̀, ìnagijẹ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú agbo ilé wa. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣì ń rá. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ìyàwó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó ní láti wá orúkọ fún un. Kí ló máa ń wò? Ohun tó hàn sí i ni. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tó dú tó ń dán di Adúmáadán, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun di Eyínfúnjowó, èyí tó ga di Agùntáṣọọ́lò, ọmọ tí wọ́n fi sílé ìwé di Akọ̀wé kó tó mọ ìwé kọ. Ẹ lọ sí Ìṣẹ́yìn, ẹ ó bá Akọ̀wé níbẹ̀. Ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Akọ̀wé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàwó ti Ìṣẹ́yìn kò gbọ́ ti Ìjẹ̀bú rí. Ojú wọn ló rí nǹkan kan náà, ẹnu wọn sì pè é bákan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń kọ eré. Ẹ wo Doc, ìgékúrú "doctor", ìyẹn dókítà. Nínú Gunsmoke, eré orí tẹlifíṣọ̀n tó lo ogún ọdún láti 1955 sí 1975, Doc Adams tí Milburn Stone ṣe jẹ́ oníṣègùn gidi ní ìlú Dodge City. Emmett Brown, Doc inú Back to the Future ní 1985, tí Christopher Lloyd ṣe, kì í tọ́jú aláìsàn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi mọ́tò ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sí ọdún mìíràn ni. Doc tí Kirk Douglas ṣe ní 1957, tí Val Kilmer sì tún ṣe ní 1993, ẹni tó gbé ayé rí ni: John Henry Holliday, oníṣègùn eyín tó wá di atatẹ́tẹ́ àti onìbọn, tó sì kú ní 1887. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní òpópónà, tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ nígbà mìíràn, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Dókítà. Ọwọ́ ta ló ti gba orúkọ náà? Iṣẹ́ tí wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ̀ ló fún un.

Ibì kan ṣoṣo wà tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa ti kan ojú abẹ. Hawkeye ni, tó túmọ̀ sí ojú àṣá. Nínú M*A*S*H, tí Alan Alda ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1972 sí 1983, Hawkeye ni oníṣẹ́ abẹ Benjamin Franklin Pierce, bàbá rẹ̀ ló sì fún un lórúkọ náà láti inú ìwé The Last of the Mohicans, tí James Fenimore Cooper kọ ní 1826. Ìtàn náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí orúkọ ti wá. Èyí kúrò ní kí ojú méjì rí nǹkan kan náà. Ẹnìkan ló ka ìwé tó mú orúkọ níbẹ̀. Síbẹ̀ náà, "àyálò" ni n ó pè é dípò ẹ̀dà, nítorí pé ẹni tó yá nǹkan tó sì jẹ́wọ́ ẹni tó yá a lọ́wọ́ rẹ̀ kò fara wé ẹnikẹ́ni. Hawkeye mìíràn tún wà, Clint Barton tí Jeremy Renner ń ṣe nínú àwọn fíìmù Avengers, tafàtafà tí ọfà rẹ̀ kì í tàsé. Hawkeye inú ìwé Cooper náà, ìbọn rẹ̀ kì í tàsé. Ìdí kan náà ló so àwọn méjèèjì pọ̀, Pierce tó wà láàárín wọn kò sì ta ọfà kankan.

Bones ló ṣòro jù fún ẹni tó ń túmọ̀, òun ló sì wù mí jù. Bones inú Star Trek ní 1966 ni oníṣègùn Leonard McCoy, tí DeForest Kelley ṣe. Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ wọn tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ kan fún oníṣẹ́ abẹ tó túmọ̀ sí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ egungun, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé Bones yọ. Ní 2009, nígbà tí Karl Urban ṣe McCoy nínú fíìmù tuntun, wọ́n fún orúkọ náà ní ìdí mìíràn: McCoy ní ìyàwó òun tó kọ òun sílẹ̀ ti gba gbogbo ohun ìní òun, egungun nìkan ló kù sóun lọ́rùn. Bones kejì ni Temperance Brennan, tí Emily Deschanel ṣe láti 2005 sí 2017 nínú eré tó ń jẹ́ orúkọ náà gan-an. Onímọ̀ tó ń yẹ egungun òkú wò ni, Booth tó ń bá FBI ṣiṣẹ́ ló sì fún un lórúkọ.

Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ẹnìkan ni orúkọ yìí ti máa ń jáde jù lọ nínú eré méjèèjì. Kirk ló ni ti McCoy, Booth ló ni ti Brennan. Bí ẹlòmíràn bá pè é, ó máa ń dún létí bí ẹni pé ó wọ yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàwó ilé tó ń pe ọmọ ọkọ rẹ̀ ní Eyínfúnjowó mọ nǹkan yìí dáadáa. Nígbà tí obìnrin náà bá kú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni orúkọ náà ń bá a lọ, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é. Mo rò pé irú èyí tó orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, "orúkọ ẹnu ẹnìkan" ni mo sì ń pè é ní tèmi.

Ẹnìkan dábàá "Egungun" fún Bones. Ẹ rántí pé egungun kò gba àmì kankan lórí, egúngún ló gba méjì. Nínú ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù, níbi tí wọn kì í ti í sábà fàmì sí i, McCoy lè di ará ọ̀run lójú òǹkàwé. Mo lè pe McCoy ní Arẹ́gungun, ó sì máa dún dáadáa, àmọ́ orúkọ yẹn kò bá Brennan mu, kò tilẹ̀ bá McCoy ti 2009 mu. Nígbà tí mo bá sì fún olúkúlùkù ní orúkọ Yorùbá tó yẹ ẹ́, wọn kò jẹ́ olórúkọ ara wọn mọ́. Ohun tí àǹtí wa ń wá gan-an ti sọnù sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, èmi yóò fi Red sílẹ̀ ní Red, Bones ní Bones, Doc ní Doc, n ó sì sọ ìdí orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí eré náà fúnra rẹ̀ bá ti sọ ọ́. Fún àwọn ènìyàn tó ń jẹ́ orúkọ náà, kò sí ohun tí a fẹ́ dá sílẹ̀: "olórúkọ" ti wà lẹ́nu wa. Táyé méjì tó bá pàdé lójú ọ̀nà, "olórúkọ mi" ni wọ́n ń kí ara wọn. Redding jẹ́ olórúkọ Reddington, ó tán. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni mo ń pè ní "ìnagijẹ àjọjẹ́", nítorí pé wọ́n jọ ń jẹ́ ẹ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìnagijẹ lásán, bí àbúrò wa ṣe fẹ́, ń sọ pé kì í ṣe orúkọ àbísọ, kò sì sọ pé ó ju ẹyọ ẹnìkan lọ tó ń jẹ́ ẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé àjọjẹ́ jọ àjọjẹ, ti oúnjẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n jíjẹ́ orúkọ àti jíjẹ oúnjẹ ti ń gbé pọ̀ nínú èdè yìí láti ìgbà pípẹ́, àmì orí ló ń là wọ́n. Bí a bá sì kọ "ìnagijẹ" ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rò pé àsè ni.

Ẹ̀gbọ́n wa tó mú Fádèyí Olóró àti Òrìṣàbùnmí wá sínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ìyẹn ọ̀tọ̀ ni. Orúkọ tí Òjó Arówóṣafẹ́ àti Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú jẹ́ nínú eré Jimoh Aliu ni, ó sì lẹ̀ mọ́ wọn títí tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò fi mọ orúkọ àbísọ wọn. Láti ara ẹ̀dá ìtàn ló ti bọ́ sára òṣèré. Bàbá Sàlá, Bàbá Wándé àti Bàbá Sùwé náà kò jẹ́ olórúkọ ara wọn. Ìhun orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ní. Ó yẹ kí á dá ìjíròrò mìíràn sílẹ̀ lórí wọn.

Ó ku ìlà kan tí mo fẹ́ kí àǹtí wa bá wa yẹ̀ wò: ìdáhùn Redding sí Andy. "Bóyá torí pé ará Ireland ni mí" tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ní pa Yorùbá lẹ́rìn-ín, torí a kò mọ irun pupa mọ́ Ireland. Ṣé kí á fi kún un pé "onírunpupa bíi tiwọn", tàbí kí á fi ojú Morgan Freeman ṣe ìtumọ̀ tó kù? Èmi ń fẹ́ kí á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ ẹ̀yin tó ń jókòó ti iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ yín.