Ìró tó ń kùn nínú hẹ́ẹ̀dífóònù: ọ̀nà wo ló dára jù láti so ohùn mọ́ kọ̀ǹpútà géèmù?

Ìbéèrè

Mo kí ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo fi ń ta géèmù nílé, hẹ́ẹ̀dífóònù onímáìkì tí mò ń lò sì ní wáyà kan ṣoṣo, èyí tí mò ń kì bọ ihò tó wà níwájú kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí géèmù bá ti ń wúwo, ìró kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn létí mi bí yànmùyánmú, bí àwòrán bá sì ṣe ń yí ni ìkùn náà ń yí. Bí mo bá ti jáde kúrò nínú géèmù, gbogbo rẹ̀ á pa rọ́rọ́. Mo ń rò ó bóyá kí n ra káàdì ohùn, tàbí hẹ́ẹ̀dífóònù tí kò ní wáyà, tàbí kí n kúkú ra sípíkà tó ń lo okùn oní-ìmọ́lẹ̀. Géèmù tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá ni mo fẹ́ràn jù, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi sì máa ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ta á. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Èsì kìíní

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó dá mi lójú pé hẹ́ẹ̀dífóònù yín kò ní àìsàn kankan. Ihò iwájú yẹn kò sí lára mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) fúnra rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba inú àpótí kọ̀ǹpútà kọjá títí dé ibẹ̀, ó sì sábà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ káàdì àwòrán, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù sójú ìbòjú. Nígbà tí géèmù bá wúwo, iná tí káàdì náà ń fà máa ń lọ sókè sódò léraléra, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà á sì gbé ariwo iná yìí wá sí etí yín. Ìdí nìyẹn tí ìkùn náà fi ń tẹ̀ lé àwòrán.

Ẹ yọ ọ́ níwájú, kí ẹ wá kì í bọ ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu púlọ́ọ̀gì yín dáadáa: bí òrùka dúdú mẹ́ta bá wà lára rẹ̀, ohùn àti máìkì ló jọ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ihò tó wà lẹ́yìn fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ máa nílò wáyà kékeré alápá méjì, tí apá kan á wọ ihò aláwọ̀ ewé, tí èkejì á wọ ihò píńkì. Bí ìkùn náà kò bá lọ lẹ́yìn èyí, káàdì ohùn kékeré oní-USB ni kí ẹ rà, nítorí òun máa ń gbé iṣẹ́ sísọ nọ́ńbà di ohùn jáde kúrò nínú àpótí tí ariwo wà.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá òkè yìí sọ. Ní ti aláìníwáyà, ẹ ṣọ́ra fún Bluetooth. Ohùn rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ ju mìlísẹ́kọ́ǹdù 150 lọ kí ó tó dé etí, tó fi jẹ́ pé ọ̀tá á ti yìnbọn kí ẹ tó gbọ́ ọ. Èyí tó tún burú jù ni pé, nínú irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò, bí máìkì bá ti ṣí, gbogbo ohùn á rọ̀ sílẹ̀ sí ti ìpè fóònù: kò ní sí ọ̀tún, kò ní sí òsì. Èyí tó ń lo ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ lójú USB, lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz tí kì í ṣe ti Bluetooth, kò ní ìṣòro yìí, ohùn rẹ̀ sì yá púpọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "7.1" (ìyẹn ohùn sípíkà mẹ́jọ tó yí èèyàn ká) tí wọ́n kọ sára páálí hẹ́ẹ̀dífóònù gba owó lọ́wọ́ yín. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, sípíkà kan fún etí kan ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyókù. Bí géèmù yín bá ní ètò ti hẹ́ẹ̀dífóònù tirẹ̀, òun nìkan ni kí ẹ tan. Bí ẹ bá tan ti Windows mọ́ ọn, ibi tí ìró ẹsẹ̀ ti ń wá á dàrú mọ́ yín lójú.

Èsì kẹta

Ọ̀rọ̀ sípíkà ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí USB kì í ṣe oògùn gbogbo ariwo. Bí sípíkà àti kọ̀ǹpútà bá ń gba iná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ara ògiri, tí wáyà USB tún so wọ́n pọ̀, iná lè rí ọ̀nà yí po láàárín àwọn méjèèjì, kí sípíkà sì máa hùn láìdáwọ́ dúró. Okùn oní-ìmọ́lẹ̀ á gé e kúrò pátápátá, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn nínú rẹ̀, iná kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn ọ̀nà méjì péré ló lè gbé láìfún un pọ̀. HDMI, wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, ní tirẹ̀ ti ń gbé ọ̀nà mẹ́jọ láti ọdún 2002 tó ti kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni mo máa ń gba ẹni tó ní sípíkà púpọ̀ níyànjú láti lò.

Ṣùgbọ́n fún géèmù tí ẹ sọ yìí, ẹ dúró ti hẹ́ẹ̀dífóònù. Bí ohùn sípíkà bá ń wọ inú máìkì tó ṣí sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ yín á máa gbọ́ ara wọn padà.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Mo ti gbé e lọ sẹ́yìn, ìkùn náà sì ti lọ kúrò létí mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ṣì ń gbọ́ ọ díẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Èsì kìíní

Ti máìkì nìyẹn. Iná tó ń ti inú máìkì jáde kéré púpọ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbé e sókè gidigidi, ariwo tó bá wà lójú ọ̀nà á sì bá a gòkè. Ẹ lọ sínú ètò máìkì, kí ẹ dín ìgbésókè rẹ̀ kù, kí ẹ sì fa máìkì súnmọ́ ẹnu. Bí kò bá tó, ìgbà yìí ni káàdì oní-USB tó ní ihò máìkì tọ́ sí rírà, ihò USB ẹ̀yìn sì ni kí ẹ kì í bọ̀.