Táǹkì Ítálì tí mò ń yà: ibi tí ìbọn wà ló ká mi lára

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi, mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ nípa àwọn táǹkì tí ẹ̀ ń yà, tèmi rèé. Táǹkì Ítálì ti àárín ogun àgbáyé méjèèjì ni mo máa ń yà, bó ṣe yẹ kó rí lójú tèmi ká ní wọ́n gba ọ̀nà míì.

Ogun Etiópíà ló fà mí wọ̀ ọ́. Orí mi wú nígbà tí mo ka ti ìjà Dembeguina ní Etiópíà, December 1935. Àwọn jagunjagun Ras Imru, ọ̀gágun Etiópíà, kò àwọn CV kéékèèké ti Ítálì yẹn lójú, táǹkì tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀, kò ní tọ́rẹ́ẹ̀tì (ilé ìbọn tó ń yí lórí táǹkì) rárá, iwájú nìkan ni ìbọn ẹ̀ kọjú sí, ni wọ́n bá gba ẹ̀yìn yọ sí i, wọ́n gun orí ẹ̀, ó tán.

Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń kọ́kọ́ fi irin kún un kó lè nípọn, èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì páwà 43 ló wà nínú ẹ̀, ẹ wá di irin lé e, ṣé á tún lè gun òkè Alps tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ní kékeré?

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti ní táǹkì tó ní tọ́rẹ́ẹ̀tì nílé tẹ́lẹ̀! Fiat 3000 tí wọ́n wo Renault FT àwọn Faransé ṣe, èyí tọdún 1930 gbé ìbọn 37 mm (bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó nìyẹn) sínú tọ́rẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tó wá kan M11/39, táǹkì Ítálì tó dé lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìbọn ńlá sísàlẹ̀ lára ọkọ̀, wọ́n wá fi ìbọn arọ̀jò-ọta méjì sókè níbi tó ti lè yí. Kí ló dé?

Nínú tèmi, 37 mm lọ sókè. Èèyàn ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, èjìká ẹ̀, ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ á gbà tó bá ń ki ọta, kí n tó fa róbótó tọ́rẹ́ẹ̀tì yí i ká. Ẹnì kan ò lè máa wo ọ̀tá, kó máa ki ọta, kó máa yìnbọn, kó tún máa darí ọkọ̀, torí náà èèyàn méjì ni mo fi síbẹ̀, ìyẹn wá mú kí ara ọkọ̀ fẹ̀ sí i. Àwọn ará Ítálì fúnra wọn padà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú M13/40, táǹkì tó tẹ̀lé M11/39, ṣùgbọ́n 1937 ni mo fẹ́ kí tèmi jáde, torí táǹkì T-26 àwọn Rọ́ṣíà ti ń fi ìbọn 45 mm fọ́ àwọn CV nínú ogun abẹ́lé Sípéènì nígbà yẹn.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ti M11/39 ni mo fẹ́ fi sí i. Ẹni tó bá ti yà á wò, jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ráyè fún un lẹ́yìn?