Ibi tí iṣẹ́ ti ń há: ìrírí àwa tí à ń darí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ará Jabi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bí ọ̀gá àgbà bá ti ní iṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa ni ká gba ènìyàn sí i, ká fi ìpàdé lé ìpàdé, tàbí ká ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo rọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró. Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n béèrè rẹ̀, ọjọ́ tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ọjọ́ tí code (àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà) parí, ọjọ́ tí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú, àti ọjọ́ tí oníbàárà rí i lò. Kì í gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ lè bá iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ tó ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tó jẹ́ pé password ló ń dúró dè, tàbí ẹni tó wà ní Èkó tó máa buwọ́ lù ú. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí a mọ̀ jọ síbí: ibi tí iṣẹ́ ti ń há, ohun tó ń fà á, bí ẹ ṣe ń ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye sí i.

Ọmọ Ọ̀fà ní Wuse 2

Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń pọ̀ jù. Ìṣirò kan wà tí John Little, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 1961: ẹ ka iye iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí, ẹ fi iye tí ẹ ń parí lọ́sẹ̀ pín in, iye ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kan ń lò nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ṣí iṣẹ́ 24 sílẹ̀, tó sì ń parí 6 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa lò. Ẹ dín 24 sí 12, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò sì gba ẹnikẹ́ni kún un.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ ní ju iṣẹ́ méjì lọ lọ́wọ́. Èkejì wà fún ìgbà tí èkíní bá ń dúró de nǹkan. Ẹni tó bá ṣe tirẹ̀ tán, kó kọ́kọ́ bá ẹlòmíì yẹ code wò kó tó ṣí tuntun. Ohun tó máa ń da ètò yìí rú ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀: ọ̀gá kan á pe ọmọ kékeré nínú ẹgbẹ́ láti Central Area, á ní “bá mi ṣe eléyìí kíákíá,” iṣẹ́ náà kò ní sí lójú pátákó tí a ń kọ iṣẹ́ gbogbo sí, ọmọ náà kò sì lè kọ̀. Olórí ló gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ yẹn sára. Kí gbogbo ìbéèrè gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé, kí olórí sì dá ọ̀gá náà lóhùn pé: “A ti gbọ́ o, sà. Nínú iṣẹ́ mẹ́ta tó wà lójú pátákó yìí, èwo ni ká dá dúró kí tiyín lè bọ́ sí i?” Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa

Ẹ kú àlàyé. Tó bá kan wíwọn iṣẹ́, ẹ má ka ìlà code, ẹ má sì ka wákàtí tí ènìyàn fi jókòó. Ohun mẹ́rin tó. Ẹgbẹ́ DORA, tó ń ṣèwádìí bí àwọn ẹgbẹ́ sọ́fítíwià ṣe ń ṣiṣẹ́, tó di ara Google ní 2018, ló sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń gbé àyípadà jáde, láti ìgbà tí code bá ti wọlé, ó ń pẹ́ tó kí ni kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, nínú àyípadà 100, mélòó ló ba nǹkan jẹ́, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ó ń pẹ́ tó kí ni kó tó padà bọ̀ sípò. Ìwádìí wọn fi hàn pé ìyára àti ìdúróṣinṣin sábà máa ń rìn pọ̀ ni. Kò ṣòroó lóye. Àyípadà ìlà 40 tó bá kọsẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lẹ ti mọ ibi tó ti kọsẹ̀. Èyí tí ẹ kó jọ fún oṣù mẹ́ta, tó di ìlà 3,000, ta ló fẹ́ wá a?

Nítorí náà, kí àyípadà kan má ju ìlà 200 lọ, kí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò sì ti fèsì kí ọjọ́ náà tó parí. Ẹ ya àkókò méjì sọ́tọ̀ fún un, bíi aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má máa fi “ẹ bá mi wò ó” dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí aago méjìlá bá ti lù, ẹ má gbé ohunkóhun jáde mọ́. Àwọn kan ń lọ kírun, àwọn kan ti ń múra ìrìn-àjò sílé, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá àyípadà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lè má sí nítòsí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí mọ́ owó oṣù. Bí ẹ bá so ó, wọ́n á gé àyípadà kan sí mẹ́wàá kí iye lè pọ̀, èyí tó bàjẹ́ á sì di “àtúnṣe tí a ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀” nínú ìròyìn. Àwọn òǹkà yẹn á wá dára lójú, àmọ́ oníbàárà á ṣì máa pariwo.

Ará Kaduna

Ẹ̀yin ará Àbújá ò tíì dárúkọ iná, ooru àti eruku, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti ń há jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru. ASHRAE, àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú server (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá àwọn yòókù lóhùn) wà láàárín 18 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní Sókótó tàbí Maiduguri, ooru ìta máa ń kọjá 40 nínú oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, UPS (àpótí bátìrì tó ń gba iṣẹ́ iná) á gbé server dúró, ṣùgbọ́n UPS kì í gbé A.C. Bí wọn ò bá so A.C. yàrá náà mọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tútù ti kú, yàrá á máa gbóná títí server á fi pa ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn á ní “sọ́fítíwià ló bàjẹ́.” Ẹ gbé òǹwọ̀n ooru síwájú ẹ̀rọ níbi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tó bá ti kọjá 27. Bátìrì lead-acid tó wà nínú UPS náà kò fẹ́ ooru: bí ibi tó wà bá fi nǹkan bíi 10 gbóná ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á já sí ìdajì. Bátìrì tí ẹ rò pé yóò lo ọdún mẹ́rin lè máà ju méjì lọ.

Ìlà iná Band A, ìpele tó ga jù tí à ń sanwó gọbọi fún, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣe ìlérí. Ìyẹn ni pé kí iná má sí fún wákàtí mẹ́rin ṣì wà nínú àdéhùn. Ẹ ṣírò ínfátà yín lé mẹ́rin yẹn, kì í ṣe lé ìṣẹ́jú 30.

Nígbà ọyẹ́, eruku á dí ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí. Ẹ fọ asẹ́ A.C. lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì fẹ́ eruku kúrò nínú fáànù server kí ooru tó dé.

Íntánẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Ìlà méjì láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ méjì kì í ṣe ìlà méjì bí okùn wọn bá gba inú kòtò kan náà kọjá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, kọṣẹ́ létíkun Ivory Coast, ọ̀pọ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé ìlà kejì sì rí i pé òkun kan náà lòun náà gbà wá. Ẹ béèrè àwòrán ojú ọ̀nà okùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjèèjì kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, láàárọ̀ Sátidé, ẹ fọwọ́ ara yín fa ìlà àkọ́kọ́ yọ, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí èkejì fi gbà á.

Àbúrò yín ní Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àwa kò ju mẹ́sàn-án lọ ní ọ́fíìsì, kò sì sówó ìlà kejì. Kí ni ká kọ́kọ́ mú?

Ọmọ Ìlọrin ní Kano

Backup, ẹ̀dà dátà yín tí ẹ fi pamọ́, ni kí ẹ mú, àbúrò. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà lóde ilé. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni dídá a padà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú database (àkójọ dátà) kan, ẹ dá a padà sórí kọ̀ǹpútà tó ṣófo, ẹ ka iye àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, ẹ kọ iye wákàtí tó gbà. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí i pé disk ti kún láti ọjọ́ tó ti pẹ́ tí backup sì ti dá dúró láìwí fún ẹnikẹ́ni, tàbí pé ẹyọ ẹnìkan ló mọ password tí wọ́n fi tì í. Kí ẹ̀dà tòde má wà lábẹ́ account kan náà, torí olè tó bá wọ ibẹ̀, méjèèjì ló máa pa rẹ́.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ìlérí tí ẹ ń ṣe fún oníbàárà. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ yín á máa ṣiṣẹ́ fún 99.9% nínú ọjọ́ 30, ìṣẹ́jú 43 péré ló fi sílẹ̀ fún yín. 99.5% fi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lé díẹ̀ sílẹ̀. Ọ́fíìsì ènìyàn mẹ́sàn-án tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru, ẹ má ṣèlérí àkọ́kọ́. Tí dátà ènìyàn bá sì jò síta lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó o. Ẹ ti kọ ẹni tó máa pè àti nọ́ńbà tó máa pè sórí ìwé báyìí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ará Kubwa

Mo fi ti ènìyàn kún un. Ẹ ya tábìlì kan: orúkọ ẹ̀rọ lápá òsì, orúkọ òṣìṣẹ́ lókè, àmì sí ibi tí ẹnìkan ti lè tún ẹ̀rọ náà ṣe láìpe ẹlòmíì. Ẹ̀rọ tó bá ní àmì ẹyọ kan, ọjọ́ tí físà ẹni yẹn bá jáde lẹ ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ má ní kí ọ̀gá iṣẹ́ yẹn, ẹyọ ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà, kọ ìwé ìlànà sílẹ̀. Ohun tó ti mọ́ ọn lára kò ní rántí láti kọ. Kí òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ náà ṣe é fúnra rẹ̀, kí ẹni náà sì kọ ìwé náà. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fún ọ̀gá iṣẹ́ náà ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ẹ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ pè é torí rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá dé, òun àti ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ náà á jọ jókòó ti ìwé kékeré yẹn, wọ́n á yanjú ohun inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.