Ẹ jọ̀ọ́, irú àfòpiná wo lèyí?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Àfòpiná kékeré kan ń ti oko ẹ̀wà ẹ̀yìn ilé wá síbi iná lálẹ́. Ìyẹ́ iwájú ẹ̀ búráùn, àmì funfun bíi dígí wà lára ẹ̀, ti ẹ̀yìn funfun tó ń dán àmọ́ etí ẹ̀ dúdú, tó bá bà ṣe ló máa ń na ìyẹ́ sílẹ̀ gbalaja. Èmi rò pé Maruca vitrata (àfòpiná tí ìdin ẹ̀ máa ń jẹ ẹ̀wà) ni, ọ̀rẹ́ mi ní Diaphania indica (irú àfòpiná mìíràn) ni, ìyẹn sì máa ń ní ìdì irun nídìí, tèmi ò ní. Ìwé àtijọ́ kan tún pe Maruca yìí ní Maruca testulalis, ó ní inú ẹbí Pyralidae ló wà, íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹbí Crambidae ni. Ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀? Kí ni kí n tún wò lára ẹ̀?